Ìgò Oyin Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Yín

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ọdún kẹrin rè é tí a ti sin yín sí ẹ̀yìn ilé, n kò sì kọ ìwé kankan sí yín rí, èmi tí ẹ rán lọ sílé ìwé títí mo fi gba ìwé mẹ́fà kí n lè máa bá yín kọ̀wé. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, ó ti wà lọ́rùn mi látọjọ́ tí ẹ ti lọ, àmọ́ ọdún yìí ni mo tó mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé ná, bóyá ọwọ́ mi á rọ̀ díẹ̀.

Ìyá wà. Ara wọn le, ẹnu wọn náà ò sì tíì rọ̀. Ọkọ̀ yín ṣì wà létí ọ̀sà níbi tí ẹ so ó mọ́, omi ti ń wọ inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wà á, nítorí Lásísì àbúrò mi ò gbé ìlú Ọjọ́ mọ́. Òkòkòmáìkò ló kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ọmọ yín tó fi ẹja sílẹ̀ tó lọ ń kọ ebè! Ẹ̀rín ni ẹ ò bá fi pa ara yín. Ọkọ mi ṣì wà lójú òkun nínú ọkọ̀ òyìnbó, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wálé lọ́dún, ọmọ ò sì tíì sí. Èmi àti Ìyá nìkan la wà nínú ilé ńlá yìí. Ṣé ẹ rántí pé ẹ máa ń wúkọ́ kí ẹ tó wọlé, kí àwọn obìnrin lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀? Títí dòní, bí ọkùnrin kan bá wúkọ́ níta, Ìyá á tún gèlè wọn ṣe.

Ìròyìn kejì ni pé èèrà ti padà sílé wa.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí wọn lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí mo ti tọ̀ láàárọ̀. Wọ́n ṣù bo ojú ibẹ̀, ilẹ̀ dúdú. Mo da eérú gbígbóná lé wọn lórí. Lọ́jọ́ kejì mo lọ tọ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tún bá mi débẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń pààrọ̀ ibi tí mo ń tọ̀ sí bí ẹni tó ń fi ẹrù olè pamọ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí débi pé mo ń dìde nídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ sídìí àmù. Ìró tó ń yí mi ká lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi ká lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Ìyá ní mò ń rù, wọ́n ní àárò ọkọ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àárò ọkọ. Inú ilé yìí ni mo ti rí gbogbo rẹ̀ rí, lára yín.

Ẹ̀yin fi tiyín ṣeré nígbà náà. Ẹ ní èèrà mọ ọlọ́lá lójú. Ẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn apẹja ẹgbẹ́ yín, títí ọgbẹ́ kékeré tí egungun ẹja ṣe sí yín lẹ́sẹ̀ fi kọ̀ tí kò jinná fún oṣù méjì. Ìgbà yẹn ni èmi àti ẹ̀yin wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó, ó di ọ̀dọ̀ dókítà òyìnbó. Dókítà náà ò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀yin náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo dúró láàárín. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ kì í wo ojú rẹ̀, ojú mi lẹ ń wò, ẹ tún ń mi orí sí àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ yín ló ń gbọ́ ọ. Mo rí bí inú yín ti dùn tó. Gbogbo ohun tí dókítà sọ nípa àìsàn àtọ̀gbẹ yín ni mo túmọ̀ fún yín, àfi gbólóhùn kan ṣoṣo. Mò ń bọ̀ lórí gbólóhùn yẹn, ẹ ní sùúrù fún mi.

Nígbà tí a padà délé, mo di ọ̀gá yín. Láàárọ̀, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan, ẹ ó tọ̀ sínú ife, n ó kán ìtọ̀ náà ní ẹ̀kán mẹ́jọ sínú oògùn búlúù tó wà nínú ọ̀pá gíláàsì, n ó gbé e sórí àtùpà sípírítì, àwa méjèèjì á wá máa wò ó. Bó bá dúró ní búlúù, ẹ ó ṣọpẹ́. Bó bá dà bí àwọ̀ ewé, ẹ ó ní ó kù díẹ̀. Bó bá wá pọ́n bíi bíríkì, tó fi hàn pé ṣúgà inú ìtọ̀ pọ̀ gan-an, ẹ ó gbójú sókè máa wo òrùlé, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Mo ń se abẹ́rẹ́ nínú ìkòkò tí a ò fi se nǹkan mìíràn. Ìgò ínsúlíìnì yín, oògùn tí mo ń gún yín láti fi dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, wà nínú iyanrìn tútù nínú àmù tó wà lábẹ́ igi, mo sì ń bomi rin iyanrìn náà lójoojúmọ́, nítorí dókítà ní ooru ń ba oògùn náà jẹ́. Agolo mílíkì kan ni mo fi ń wọn gaàrí yín. Mo ki bàtà rọ́bà bọ̀ yín lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fẹsẹ̀ lásán wọ omi láti kékeré, ẹ sì ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ títí ó fi mọ́ yín lára.

Ṣúgà ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ nípa fìlà yín ni? Èèrà ló tú yín fó. Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí fìlà náà kọ́ sí, mo sì bá hóró ṣúgà mẹ́ta níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ po. Mo gbọn ọ́n dànù lójú yín, mo pariwo lé yín lórí níwájú Ìyá bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ẹ dé fìlà yín, ẹ jáde lọ sétí ọ̀sà. Ó ń dùn mí báyìí, Bàbá. Ṣé ọ̀kánjúà ni, àbí ara yín ló ń bèèrè ohun tó tọ́ sí i láwọn ọjọ́ tí oògùn bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ? N kò bi yín léèrè rí. Ariwo ni mo mọ̀ ọ́n pa.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ àkọ́bí Lásísì ni, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ mọ òfin ilé wa, pé olórí ilé kì í fẹnu kan nǹkankan títí wọ́n á fi pe orúkọ ọmọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fi yangàn pé ẹ ò rú u rí. Mo gún yín lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ kùtù, ní àkókò rẹ̀ gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ sì pé, nítorí èmi kì í yẹ àkókò. Mo rò pé kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi jẹun. Àmọ́ òjò dá àwọn àna wa dúró ní Ìbà. A dúró, a dúró, oòrùn gòkè. Ẹ jókòó lórí ẹní yín nínú agbádá funfun. Mo rí òógùn lójú yín, mo ní ooru ni. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, mo ní ayọ̀ ni. Ẹ pe Lásísì ní orúkọ ẹ̀gbọ́n yín tó ti kú, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, àwọn àna dé. Ìyá ìyàwó Lásísì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbà, to àwọn nǹkan ìsọmọlórúkọ tó gbé wá sílẹ̀, iyọ̀, obì, àádùn àti ìgò oyin. Bó ṣe ṣí ìgò oyin náà báyìí, ẹ dìde. Ẹ ò lè dúró, ẹ rákò. Ẹ̀yin, nínú agbádá yín, níwájú àna, ẹ rákò kọjá níwájú Áàfáà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò náà mú, ẹ ń gbé e lọ sẹ́nu. Ilé pariwo. Èmi ni mo fò dìde. Èmi dókítà yín. Mo di ìgò náà mú, ẹ ò fi í sílẹ̀, mo sì ń tú ìka yín kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi gbà á. Ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu yín mọ́. Ẹnì kan gba oyin náà lọ́wọ́ mi, ó lọ sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Àwọn èèyàn ń yìn mí, wọ́n ní ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ nìyí, wọ́n ní ojú mi tó ilẹ̀. Wọn ò tíì yìn mí tán tí ẹ fi ṣubú, tí gìrì mú yín. Kí wọ́n tó kírun Àlàásárì, ẹ ti lọ.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá sọ lọ́jọ́ náà? Àbí ẹ ti jìnnà? Wọ́n dìde dúró sí àárín agbo, wọ́n na ìka sí Ìyá Ìbà.

“Kí lẹ fi sínú oyin yìí tí ọkọ mi fi ń rákò lọ bá a?”

Wọ́n ní èèdì ni. Wọ́n ní ta ló rí i rí kí bàbá wa, onísùúrù èèyàn, máa rákò tẹ̀ lé oyin lójú àna bí ọmọdé, bí kì í bá ṣe pé nǹkan ń fà á. Ìyá Ìbà fi Kùránì búra. Ó ní kí wọ́n gbé oyin náà wá kó lá a lójú gbogbo wa, oyin sì ti bómi lọ. Lásísì gbè sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, kò sì tó ogójì ọjọ́ tí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, Ìyá ò gbé e rí látìgbà náà. Ní Ìbà, mo gbọ́ pé àwọn èèyàn ò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ obìnrin náà mọ́, wọ́n ń rìn gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má baà kí i. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, mo sì dákẹ́. N kò tíì mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Àmọ́ gbólóhùn dókítà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi, mo sì ń lé e kúrò.

Lọ́dún yìí, mo kán ìtọ̀ tèmi sínú ọ̀pá gíláàsì yín, ó pọ́n. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi ní ìtọ́jú jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó sì ṣàlàyé yékéyéké. Ó ní bí mo bá gún abẹ́rẹ́ tí n kò tètè jẹun, òógùn á bò mí, ara mi á máa gbọ̀n, mo lè máa sọ ìsọkúsọ. Ó ní bí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, kí n yára lá ṣúgà tàbí oyin, nítorí ẹni tí kò bá rí i lá lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Gbólóhùn yẹn nìyẹn, Bàbá. Dókítà òyìnbó sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ní bí ẹ bá ń gbọ̀n tí ẹ ń làágùn, kí n fún yín ní ṣúgà kíákíá. Mo wá rò ó lọ́kàn mi pé ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ má fẹnu kan ṣúgà, báwo ló ṣe tún ń ní kí n fún yín ní ṣúgà? Ó yẹ kí n bi í. Àmọ́ ẹ̀yin ń mi orí sí àwọn ará orí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì ń wò mí tìyanu-tìyanu. Bí mo bá ní kí dókítà tún un sọ, wọ́n á rò pé Gẹ̀ẹ́sì mi ti tán. Mo fò ó. Ìgbéraga ni, kò ní orúkọ mìíràn. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, n kò ṣì í gbọ́. Mo fò ó ni.

Mo ì bá gbé e lọ sí sàréè bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà. Ìgbà tí Ìyá gbọ́ pé àìsàn yín ló ń ṣe mí, wọ́n sunkún, wọ́n wá dìde, wọ́n kó gbogbo ohun dídùn kúrò nínú ilé. Ṣúgà, oyin, ìrèké, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ fún aráàdúgbò. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó wo ẹnì kejì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn ni wọ́n fi ń ṣọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ara mi ti gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo sá lọ sẹ́yìn ilé lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ní ìkọ̀kọ̀ bí olè. Lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá bá mi níbẹ̀, wọ́n já a gbà lẹ́nu mi. Orí ló yọ mí, mo ti gbé díẹ̀ mì. Mo wo ojú wọn, ìfẹ́ ló kún ibẹ̀. Mo wá mọ̀ pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, Ìyá ni yóò pa mí, bí mo ṣe pa yín.

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sán ni, wọ́n ń yan ẹja. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti orí bẹ́ǹṣì Èkó títí dé ìgò oyin, n kò yọ nǹkankan sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo rò pé wọ́n á kígbe. Wọn ò kígbe. Wọ́n ń yí ẹja lórí iná lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi yí i tán, wọ́n bọ́ síta. Látìgbà náà wọn ò pe orúkọ mi mọ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, wọ́n á lọ. Mo lọ wá oyin, mo gbé e sójú fèrèsé, mo fi hàn wọ́n, mo ní bí ara mi bá ń gbọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sí mi lẹ́nu. Wọn ò wo ìgò náà. Wọn ò wo èmi náà.

Gbígbọ̀n ara náà dé láàárọ̀ àná. Mo ti gún abẹ́rẹ́, igi ìdáná tutù, ẹ̀bà ò tètè délẹ̀. Ìdí ààrò ni mo ṣubú sí. Nígbà tí mo lajú, Ìyá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgò oyin wà lọ́wọ́ wọn. Mo nawọ́. Ahọ́n mi ti wúwo, n kò lè sọ nǹkankan. Wọ́n dúró. Bàbá, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí, n kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mò ń gbọ́ tí adìẹ ń ta ilẹ̀ níta. Mo rò ó nínú mi pé bí wọ́n bá yí padà wọlé lọ, n kò ní bá wọn jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n ti ìka bọ oyin, wọ́n fi sí mi lẹ́nu, wọ́n tún ti ìka bọ̀ ọ́, títí mo fi lè dìde jókòó. Wọ́n wá ní:

“Bí bàbá ẹ ṣe wò ẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i. Mi ò mọ ohun tí mo rí ni.”

Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn láti Ọjọ́bọ̀, wọn ò sì sọ òmíràn mọ́.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n di ẹja yíyan sínú ọpọ́n, wọ́n gbé e rù, wọ́n kọrí sọ́nà Ìbà. Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ń lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn, bóyá wọ́n á sì ti ibẹ̀ lọ wo ọmọ Lásísì ní Òkòkòmáìkò. Èmi ló yẹ kí n lọ kúnlẹ̀, wọn ò sì pè mí. Wọn ò dágbére fún mi. Aṣọ tí wọ́n kó dání pọ̀ ju aṣọ ọjọ́ kan lọ. Ṣé wọ́n á padà, Bàbá? Bí Lásísì bá gbọ́, ṣé á tún fẹ́ fojú kàn mí? Ta ni mo tún ní tí mo lè kọ́ ní ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi?

Mo ti gún abẹ́rẹ́ òní. Ìtọ̀ mi pọ́n láàárọ̀, ó pọ́n gan-an, n kò lè fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo ti jẹun, àmọ́ oúnjẹ náà ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu, kí ẹni tó bá ń lọ sétí omi lè rí mi bí mo bá ṣubú. Kò sẹ́ni tó tíì kọjá.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Bóyá ẹ ti dárí jì mí, bóyá ẹ ṣì ń bínú, n kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kó jẹ́, ẹ má wá mi wá o. Bí mo bá sùn, ẹ má dúró sójú àlá mi, ẹ má pe orúkọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ẹ bá pè mí, n ó dáhùn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe lọ.